Ìwé Ìwọ̀n Àdìzát

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Yẹ́misí bi Àdìzát, ìdáhùn rẹ̀ ló sì kó gbogbo wàhálà náà wá.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀wé?"

Àdìzát ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò mọ̀wé. Yẹ́misí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Joju, kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó sì ní kó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D.

Ẹ má bi mí nídìí tí mùsùlùmí fi ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láyé ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ilé epo lọ ní Ọ̀tà, yunifásítì náà sì ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ là á lọ. Aránṣọ ni Àdìzát, ọmọ Ìwó ni. Ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ló gbé aṣọ kọ́áyà mẹ́rìndínlógójì fún un pé kó rán fún ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ilé ìsìn tuntun. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí, orin ló sì ń kọ látàárọ̀ dalẹ́ láti ìgbà tó ti gbà á.

Àfi bí Jemimah, olórí kọ́áyà, ṣe yọjú sí kíláàsì ní Sátidé, tó rí i lórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ ò mọ̀wé. Èèyàn mẹ́rìndínlógójì! Báwo lẹ ṣe máa mọ sáìsì ẹnì kan yàtọ̀ sí tẹnì kejì? Ẹ jẹ́ ká gbé e fún ẹlòmíì."

Àdìzát tètè fèsì. "Mo ti wọ̀n wọ́n tán. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ kẹ̀? Ṣebí ẹ ò mọ̀wé?"

"Kéú ni mo fi kọ ọ́. Yorùbá ni, àmọ́ lẹ́tà Lárúbáwá ni."

Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì. Jemimah ṣí i, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Yẹ́misí náà wò ó, kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Inú ń bí Àdìzát, ẹ̀rù sì ń bà á, torí ó ti ń rí iṣẹ́ náà tó ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Ẹ pe ẹnikẹ́ni wá nínú wọn!"

Amos, tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀, ló wà nítòsí, òun ni wọ́n pè. Yẹ́misí mú téèpù. Àdìzát fi ìka tọ ìlà nínú ìwé tó ṣì wà lọ́wọ́ Jemimah, láti ọ̀tún lọ sí òsì.

"Amos. Èjìká, méjìdínlógún."

"Ó pé," ni Yẹ́misí wí.

"Apá, mẹ́rìnlélógún."

"Ó pé."

"Ìbàdí, méjìdínlógójì."

Yẹ́misí fa téèpù, ó tún un fà. "Ogójì ni mo rí, Ìyá."

Jemimah mi orí. Ṣùgbọ́n Àdìzát ò tíì kà á tán.

"Mo kọ nǹkan sí i nísàlẹ̀: 'Arákùnrin yìí ń jẹ búrẹ́dì àti àkàrà bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n, kò sì fẹ́ dáwọ́ dúró. Kí n fi ínṣì méjì kún un.'"

Ẹ̀rín sọ ní gbọ̀ngàn. Amos fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ọwọ́ méjèèjì ni Jemimah fi dá ìwé náà padà.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ lọ máa rán aṣọ yín."

Inú Àdìzát dùn débi pé kò mọ ìgbà tó dìde dúró.

"Ta ló kọ́ yín?" ni Yẹ́misí bi í.

"Bàbá mi. Àfáà ni wọ́n. Títí dòní, kéú náà ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìwó."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀wé?"

"Ilé ìwé ni wọ́n máa ń bi mí, mi ò sì lọ. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní kéú rí."

Yẹ́misí fa igi lé ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù. Àdìzát gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ìlà kúkúrú kan sójú pátákó.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀, Ìyá?"

"Orúkọ rẹ ni, tíṣà."

Yẹ́misí wo orúkọ ara rẹ̀ títí, kò lè kà á. Ó wá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, níbo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀?"