Gbólóhùn Tí Nabeelah Há Sórí

"Nefarious!" ni adájọ́ ìdíje ọ̀rọ̀ òyìnbó náà pè, ni Láwùmí bá fò sókè lórí ìjókòó bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Ọpẹ́ o! Ọ̀rọ̀ tí òun àti Nabeelah ti ń gún mọ́lẹ̀ láti oṣù kejì rèé! Bí ọmọ bíríkìlà Agbówó yìí, tí ilé-ìwé ti lé wálé lẹ́ẹ̀mejì nítorí owó, bá gba ọ̀rọ̀ kan yìí, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún mẹ́ta di tirẹ̀.

Òyìnbó ń dà ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ lẹ́nu Nabeelah: ìwà ìkà tó burú jáì ni, èyí téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ hù.

"Ó dáa," adájọ́ wí. "Fi ṣe gbólóhùn."

Láwùmí fọwọ́ lérí. Yéè! Nínú ẹ̀kọ́ ilé tí òun ń kọ́ ọmọ náà, àpẹẹrẹ tí tíṣà bá fún ọ lo máa há sórí, o ò gbọdọ̀ yí ẹyọ kan padà. Ẹni tí òun sì fi ṣe àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí ló jókòó láàárín àwọn àlejò pàtàkì yẹn: Oyèbọ́lá, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀, alága ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tó gbé ẹ̀bùn náà kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọn ò kíra. Láwùmí ju ọwọ́ sí ọmọ náà títí, àmọ́ òkè àjà ni Nabeelah ń wò.

"Oyèbọ́lá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ opó àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó sin òkú. Ìwà nefarious nìyẹn."

"Ó gbà á!" ni adájọ́ kéde. Àtẹ́wọ́ bo gbọ̀ngàn Bódìjà náà. Inú Láwùmí ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bí Oyèbọ́lá bá ní òun ò fún un mọ́, ta ni yóò bi í?

Oyèbọ́lá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó fi ìwé ẹ̀bùn lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ibi tí Láwùmí wà. Kí Láwùmí tó mọ̀, eékún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ìyàwó wa, mi ò tíì wa mọ́tò yẹn rí," Oyèbọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀, òórùn àbúrò mi ni mò ń gbọ́."

Nabeelah já wọ àárín wọn, ó ń fò. "Àǹtí, a gbà á! A gbà á!" Ó mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi rí. Ta ni Oyèbọ́lá gan-an?"

Láwùmí wo omi tó lé ròrò lójú obìnrin náà. Ó pa èsì tó ti ń tò pamọ́ láti ọdún mẹ́rin tì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Àwọn rèé. Kúnlẹ̀ kí wọn."