Ìkejì, Ó Yá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo kó aṣọ ilé-ìwé mẹ́rìnlélógún tí mo rán sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì ń wa ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wa. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí ọwọ́ òsì, mo tẹ ìjánu ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi sì rì wọlé bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀. Òórùn bí ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó gba inú ọkọ̀. Òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló dá mi dúró. N kò fara pa. Mo bọ́ sílẹ̀, mo gbọn yanrìn kúrò ní bàtà mi, mo sì tún àwọn aṣọ náà ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi ló ni ọkọ̀ náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a ti ń lò ó, òun nìkan ló sì ń wà á títí ó fi kú ní ọdún tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà lórí pápá kan tó tẹ́ bí ẹní, nítorí orí òkè ni ilé wa wà, ìsàlẹ̀ sì ni àwọn ilé-ìwé tí mo ń ránṣọ fún wà.

Ọmọ mi ọkùnrin gbọ́, ó pè mí.

"Màmá, ọ̀kan nínú méjì ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búréèkì ńlá sí ọkọ̀ yẹn, tàbí kí ẹ tà á, kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Yàrá yín wà ńlẹ̀."

"Ilé tèmi náà wà ńlẹ̀."

"Ẹ ò lè máa fẹsẹ̀ gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹrù aṣọ. Ẹ kì í ṣọmọdé mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Bí ọkọ̀ bá lọ, ilé náà lọ nìyẹn.

Mẹkáníìkì tí ọkọ mi ń lò ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Ṣe-Sùúrù, nítorí ohun tí ó máa ń sọ fún nọ́ọ̀tì tí kò bá fẹ́ tú nìyẹn. Ó yọ táyà iwájú, ó sì fi irin róbótó tí páàdì búréèkì máa ń fún mọ́ kí táyà lè dúró hàn mí. Àwọ̀ búlúù ti bò ó.

"Ó ti jóná. Ẹ wò ó bí ọrùn ẹyẹlé."

Mo fi àwòrán tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ hàn án lórí fóònù: irin tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ó wò ó pẹ́.

"Èyí dára o. Ṣùgbọ́n kò lè wọ inú ríìmù yín. Ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa pààrọ̀."

Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọn ríìmù náà ní funfun. Ojú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì hàn lára wọn.

"Àwọn ti àtijọ́ wá ń kọ́?"

"Mo máa fi wọ́n ṣe àpótí ìjókòó fáwọn oníbàárà tí kò ní sùúrù."

Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. À ń sunkún, à ń ríran.

"Bá mi fi ńlá náà sí i," ni mo wí. "Mi ò fẹ́ kúrò nílé mi."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ títí.

"Màmá, nígbà ayé Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni mo ń pààrọ̀ páàdì ọkọ̀ yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ kan náà, òkè kan náà. Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, fìlà ńlá kọ́ ló máa rà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi irú ti tẹ́lẹ̀ sí i, kí n da òróró búréèkì tuntun sí i, ká wá jọ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn."

Ní ọ̀sán, òun fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà dé òkè, lẹ́yìn náà a pààrọ̀ ìjókòó. Ibi tí mo máa ń jókòó sí nígbà ayé ọkọ mi ló jókòó sí. Ẹsẹ̀ mi ni ó ń wò títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì wọ́n omi láti inú ìgò gba ihò ríìmù sára irin náà. Omi náà hó ṣàà.

"Ẹsẹ̀ yín ò kúrò lórí búréèkì látòkè délẹ̀."

"Níbo ni kí n gbé e sí? Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

"Ejò ò tíì bù yín jẹ tí ẹ ti ń jó páàdì, Màmá. Orí pápá títẹ́jú ni wọ́n ti kọ́ yín, àbí? Kò burú. Búréèkì ńlá á pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n á gbóná. Jíà ló ń di ọkọ̀ mú lórí òkè. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi sí ìkejì. Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Mo di sítíárìn mú.

Ojoojúmọ́ tí a bá dé góńgó òkè, ọkọ mi máa ń gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà tó wà láàárín wa, á sì wí pé, "Ìkejì, ó yá." Èmi á dáhùn pé, "Mo wà níbí." Ìkejì rẹ̀ ni mo ṣáà jẹ́; mo rò pé èmi ni ó ń pè. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń jẹ́ ìpè tí wọ́n fi pe irin. Kò là mí lóye rí. Bóyá kò gbọ́ ohùn mi. Bóyá ó gbọ́, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Wọ́n sọ," ni mo wí fún Ṣe-Sùúrù. "Èmi ni mi ò gbọ́."

A tún gun òkè. Mo fi sí ìkejì. Ọkọ̀ náà ń kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, ó sì ń lọ pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan fi okùn dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo tẹ ìjánu. Nígbà tí Ṣe-Sùúrù wọ́n omi ní ìsàlẹ̀, omi náà ṣàn lára irin, ó kán sílẹ̀. Kò hó.

"Ẹ ṣì fẹ́ ńlá?"

"Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

"Àwọn oníbàárà mi á máa wà lórí ìdúró nìyẹn," ni ó wí, ó sì dé ìgò rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ mi dé, ojú rẹ̀ ṣú bí òjò.

"Màmá, ẹ ò fi búréèkì náà sí i! Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lẹ gbà, ẹ ò gba tèmi."

"Wọ ọkọ̀, kí n gbé ọ sọ̀ kalẹ̀."

Ó jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí nígbà tó wà ní kékeré. Ó de bẹ́líìtì rẹ̀ bí ẹni ń lọ sójú ogun, ó sì fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn mú. Ní góńgó òkè, mo gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà, n kò sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi.

"Ìkejì, ó yá."

A ń sọ̀ kalẹ̀. A yà sí ọwọ́ òsì. Nígbà tí a kọjá òkìtì yanrìn, ọwọ́ ọmọ mi kúrò lára ilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Jíà ni Bàbá ń sọ nígbà yẹn?"

"Jíà ni."

"Èmi rò pé ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Ẹ ṣáà máa ń dáhùn."

"Mo máa ń dáhùn."

Ó wo ọ̀pá jíà.

"Yàrá yín ṣì wà ńlẹ̀ o," ni ó wí, "ìgbà yòówù tó bá wù yín kẹ́ ẹ wá kí wa."

Mo yí ọkọ̀ padà, a sì gun òkè lọ sílé.