Ọwọ́ Ìyá Anarkan

"Wo ìdí garawa yìí," ni Ìyá Anarkan wí fún Kubat ọmọ rẹ̀. "Abo ẹṣin tí àwọn àna rẹ fi ta wá lọ́rẹ nìyí. Ó rẹwà, kò ní wàrà. Bí òtútù bá dé, ká pa á jẹ."

Jipar ìyàwó Kubat, tó di okùn ọmọ abo ẹṣin náà mú, wolẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ẹṣin náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bí wọ́n bá pa á, kí ló kù tí ó lè pè ní tirẹ̀ lórí òkè Suusamyr yìí? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an.

Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n fún wàrà tán tí wọ́n tú ọmọ ẹṣin sílẹ̀, Jipar jókòó tì í. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní wàrà kì í fi ọmú sílẹ̀; á máa fi orí gbá a, á lọ, á tún padà kíákíá. Èyí mu díẹ̀, ìfófò funfun yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí koríko bí onílé. Jipar se tíì, wọ́n mu ún tán, ọmọ ẹṣin ṣì ń sùn.

Wàrà wà nínú ọmú. Kí ló dé tí kò dénú garawa?

Láàárọ̀, ó wo ohun tí kò wò rí: ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú bí atalẹ̀. Bó bá tẹ ọmú lẹ́ẹ̀mejì, á sinmi, á fi eyín di ètè. Ẹni tí gbogbo pápá ń pè ní ọlọ́wọ́ wàrà láti ọgbọ̀n ọdún nìyí. Àánú rẹ̀ ṣe Jipar. Ṣùgbọ́n a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á.

"Ìyá, ọmọ ẹṣin yìí ń dà mí láàmú. Ọ̀dọ̀ yín ló ti ń dákẹ́. Ẹ bá mi dì í mú, kí n fún wàrà díẹ̀."

"Ṣé o mọ̀ ọ́n fún ni?"

"Ẹ ó máa kọ́ mi."

Ìyá Anarkan wò ó títí, ó sì gbé garawa fún un. Jipar kúnlẹ̀ lórí eékún kan, ó gbé garawa lé ekejì. Wàrà ń ró ṣàà, ṣàà, títí garawa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, Kubat béèrè pé, "Ìyá, ẹṣin tí a fẹ́ pa ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ pa ẹṣin ìyàwó mi?" Ó bu wàrà kíkan sínú abọ́. "Ọmú rẹ̀ ò gbẹ. Ọwọ́ mi ló gbẹ."

Ó na abọ́ náà sí Jipar, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Jipar tètè gbà á kó tó dànù.