Ìwé Ìròyìn Tó Wà Lábẹ́ Òmíràn

Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kàwé, kò sí ẹni tó tún ń pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Olóòtú ni wọ́n ń pè é, Olóòtú náà ló sì mọ́ ọn lára títí irun orí rẹ̀ fi funfun tán. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì àwọn Àgùdà ló fún un lórúkọ ọ̀hún nígbà èwe rẹ̀. Ó ti ré òkun kọjá láti ìgbà náà, ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tó dá a padà kò ju ìpè kan lọ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀yin ni Olóòtú? Ọmọ Abẹ́rẹ́ ni mí."

Abẹ́rẹ́! Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú, tó ń kọ igun àpárá nínú ìwé ìròyìn wọn. Àìsàn mú un lọ nígbà tí ọmọbìnrin yìí ṣì ń rákò. Kò fi lẹ́tà sílẹ̀, kò fi ohùn sílẹ̀, àfi fọ́tò kan tí oòrùn ti pa ojú inú rẹ̀ rẹ́. Ọmọ náà ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun náà ti bímọ.

"Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ni, sà," ló wí. "Àwọn ọmọ mi ń bi mí."

Ìyẹn ló gbé àwọn méjèèjì dé yàrá tí Sista kan ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ yunifásítì náà sí. Yàrá tóóró ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi aṣọ funfun bo tábìlì rẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Lórí tábìlì yẹn ni pátákó ìkéde tí wọ́n ń lẹ ìwé ìròyìn wọn mọ́ nígbà náà wà, tí Sista rí lẹ́yìn àwọn bẹ́ǹṣì tó ti ṣẹ́.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ìwé ìròyìn wọn máa ń ní láyé ọjọ́un. Àwọn Fadá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò nìkan ni wọ́n ń fi í tẹ̀. Ẹni bá ní kí wọ́n yá òun, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n yá òun ní pẹpẹ. Nítorí náà, Olóòtú a gba ohun tí kálukú kọ, a tún un ṣe, a sì fi íǹkì búlúù dà á kọ sórí bébà fífẹ̀ kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kí àwọn tó ń jáde ní Mísà lè dúró kà á. Tuntun a gorí ti tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ ka ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

"Ẹ wò ó, Bàbá Olóòtú," Sista ní, "ó ti nípọn bí àtẹ́lẹ̀ bàtà sójà."

"Àṣé ilé là ń kọ́, a ò mọ̀."

"Ilé tí ò nílẹ̀kùn! Ẹ jẹ́ ká wá bá a ṣe ilẹ̀kùn sí i."

Èyí tó wà lókè pátápátá ni ti ìdágbére, tí Olóòtú kọ nígbà tó ń lọ. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni èyí tí Abẹ́rẹ́ kọ kẹ́yìn wà. Sista ṣàlàyé pé omi nìkan ló lè mú gọ́ọ̀mù tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ rọ̀, bẹ́ẹ̀ íǹkì yìí kò fẹ́ràn omi. Òun ti ya fọ́tò ti òkè, ṣùgbọ́n bébà rẹ̀ yóò bàjẹ́.

"Tìsàlẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ̀nba tí Ọlọ́run bá fi sílẹ̀ ni, Bàbá."

Olóòtú wo ìdágbére rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti kà á fún ìyàwó rẹ̀ rí, ó ti kà á fún àwọn ará ibi iṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ pàápàá. Ọmọ Abẹ́rẹ́ kọjú sí fèrèsé kó má bàa dà bíi pé òun ń fipá mú un.

"Ẹ máa bó o," ni Olóòtú wí.

Sista tẹ́ aṣọ tútù lé e, ó dúró, ó sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ wọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bébà òkè tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ bí awọ ara tí oòrùn bó. Ohun tó yọjú lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ búlúù lásán, bí ìkùukùu. Ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ hàn, ó tún rì.

"Ṣé ọwọ́ bàbá mi nìyí?"

"Rárá, ọmọ mi. Ọwọ́ tèmi ni. Èmi ni mo máa ń dà á kọ."

"Ẹn-ẹ́n." Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Sista ló rí i. Ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí gọ́ọ̀mù kò dé, ibi kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ gbẹ, ó sì mọ́ kedere. Igun Abẹ́rẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ba, ó kà á sókè:

"'Ẹran inú ọbẹ̀ wa ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ó ti fi ayé sílẹ̀, ojú kì í rí i mọ́.'"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Sista náà fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Bàbá mi rèé! Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀!"

Olóòtú tún gbólóhùn náà kà. Òun ló kọ gbólóhùn yẹn. Abẹ́rẹ́ kọ tirẹ̀ síbẹ̀, nípa Fadá tó ń mójú tó ilé oúnjẹ àti ibi tí ẹran náà ń gbà lọ. Ẹ̀rù ba Olóòtú, ó fagi lé e, ó sì fi ẹ̀fẹ̀ yìí dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Abẹ́rẹ́ dúró níwájú pátákó láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

"Àpárá yìí dùn o," ló sọ fún un. "Ta ló kọ ọ́?"

Kò kọ nǹkan kan fún wọn mọ́. Olóòtú sọ fún ara rẹ̀ nígbà náà pé ìdánwò ló dí i lọ́wọ́.

Ó yẹ kó sọ òótọ́ yìí fún ọmọ Abẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ ya ẹnu. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbé fóònù sétí, ó ń kà á fún ọmọ tirẹ̀, ẹ̀rín kékeré kan sì ń dáhùn láti inú fóònù: "Mọ́mì, ẹ tún un kà!"

"Orúkọ ta ni kí n kọ síwájú páálí tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí?" Sista bi Olóòtú.

"Orúkọ bàbá ọmọ yìí."

"Bàbá, ṣé ẹ rántí ìyókù?" ọmọ náà béèrè, ojú rẹ̀ ń dán.

"Mi ò rántí, ọmọ mi."

Òótọ́ ni. Ó jáde lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá gbólóhùn Abẹ́rẹ́ nínú orí rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ ìdágbére tirẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn wá, ọ̀kan ò yẹ̀. Nínú ti Abẹ́rẹ́, ohun tó rántí kò ju pé ó gùn díẹ̀, àti pé nígbà tó ń fi gègé fagi lé e, ó fa ìlà náà tọ́ dáadáa.