Garawa Karahun Idẹ

Ó ti tó ogójì ọdún tí Verlin Haas ti ń fọ́nnu káàkiri ìlú Kalispell pé ọta tí òun bá fọwọ́ ara òun kì nìkan ni ìbọn òun ń jẹ. Ọ̀la ni ìjọba yóò ṣí igbó fún ọdẹ àgbọ̀nrín, àwọn òfìfo karahun ọta tó sì ń tún kì láti ọdún wọ̀nyí wá ti lanu tán, wọn kò ṣeé kì mọ́. Láti àárọ̀ ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri ọjà ìbọn, kó tó kan tábìlì Orrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ọta, níbi tí karahun idẹ kún garawa, tó ń dán gbinrin.

"Bàbá, ẹ wò ó, wúrà ni!" ni Orrin wí.

Verlin ki wáyà tó tẹ̀ lẹ́nu bọ inú ọ̀kan, ó fi ń wá ìdí rẹ̀. Wáyà náà kọ́ kòtò kan: ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́, yóò já sínú ìbọn ni. Ó yẹ ogún wò, bákan náà ni gbogbo wọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ òkú ún kùn ní àtíkè o."

"Bàbá, ọta tí wọ́n ti kì láti ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ó wà lábẹ́ tábìlì."

Verlin mí kanlẹ̀. Ó rí Dwayne, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Fún mi ní páálí kan, kí o tètè rì í sí ìsàlẹ̀ garawa yẹn. Mo ra garawa náà mọ́ ọn."

"Àgbà ọ̀jẹ̀!" ni Dwayne kígbe. "Gbogbo èyí lo fẹ́ kì? Ṣé kò sú ẹ ni?"

"Ó sú mi," ni Verlin dáhùn, ó sì gbé garawa wúwo náà.