Àjà Ilé Ìkàwé

Dókítà obìnrin náà gbé àwòrán àyà Bàbá Káfíńtà sára iná, ó fi bírò tọ́ka sí kókó funfun kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí gbogbo èèyàn ti ń pe kókó yìí ní jẹjẹrẹ. Bàbá Káfíńtà ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń hanrun tí ilé ń mì. Ikọ́ ráńpẹ́ kan lásán ló gbé e dé ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ la àyà rẹ̀, kí wọ́n gé ìdajì ẹ̀dọ̀fóró kan sọnù.

"Bàbá, ọkàn mi ò balẹ̀ sí iṣẹ́ abẹ yìí," ni dókítà wí. "Nínú ẹran bíńtín tá a fi abẹ́rẹ́ mú jáde, mi ò rí jẹjẹrẹ. Àwọn ọ̀gá mi ní abẹ́rẹ́ ni kò débi tó yẹ. Àmọ́ nǹkan kan wà, ìran èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá ti bu. Inú ìgbẹ́ adìẹ àti ti àdán ló máa ń gbé. Téèyàn bá fà á símú, ó lè ta kókó sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ le koko, kó sì jọ jẹjẹrẹ bí ìbejì. Ṣé ẹ wọ ihò àpáta láìpẹ́ yìí? Ilé adìẹ ńkọ́? Àbí àjà ilé àtijọ́ tí àdán ń gbé?"

Bàbá Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í, tó gbé báàgì lé itan.

"Rárá o," ló dáhùn.

Irọ́ gbuu! Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni bàbá yìí já bọ́ lórí àkàbà, tí eegun ìhà rẹ̀ mẹ́ta kán, tó sì búra fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò ní gun òkè mọ́ láéláé. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún un. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ilé ìkàwé wá sọ lóṣù méjì sẹ́yìn pé pákó àjà àwọn ti jẹrà, ṣe ni ojú rẹ̀ là. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà lókè níbẹ̀, tó ń gbá ìgbẹ́ àdán, tí eruku rẹ̀ ń bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó sọ nílé ni pé òun ń lọ sí ilé ìkàwé. Ibẹ̀ náà ló sì kúkú lọ.

"Bàbá wọn ò lọ síbì kankan, dókítà," ni ìyàwó rẹ̀ dá sí i. "Ìwé ni wọ́n ń kà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko nílé ìkàwé! Gbogbo àdúgbò ni mo ròyìn ẹ̀ fún."

Bàbá Káfíńtà há sí àárín. Ọ̀bẹ wà lápá kan, ìyàwó wà lápá kejì. Ó tiẹ̀ ń rò ó pé ìdajì ẹ̀dọ̀fóró lè tó òun lò.

Dókítà mí kanlẹ̀, ó pa fáìlì dé. "Ó dáa. Á jẹ́ pé wọ́n á gé e nìyẹn."

Ìyàwó Bàbá bú sẹ́kún. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè gé lára tèmi fún wọn? Tèmi ò ṣe nǹkan kan."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Bàbá Káfíńtà lọ́kàn. "Òkè ni mo wà," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Òkè ibo?" ni dókítà bi í.

"Ilé ìkàwé. Àwọn ìwé wà nísàlẹ̀, èmi àtàwọn àdán wà lókè."

Dókítà fò dìde, ó sáré lọ fi aró mìíràn kun ẹran bíńtín náà, kó lè rí nǹkan inú ìgbẹ́ àdán yẹn tó bá wà níbẹ̀. Ìyàwó Bàbá Káfíńtà pa ìbínú mọ́ra fún ọjọ́ méjì, títí wọ́n fi pè wọ́n padà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé nǹkan inú ìgbẹ́ àdán ni, pé oògùn oníhóró ni Bàbá máa lò fún oṣù mélòó kan, kò sí ọ̀bẹ.

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó dìde, ó tún gèlè ṣe. Bí wọ́n ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ̀yin! Àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ fẹ́ kú, ẹ ò lè lanu! Orí àkàbà yẹn náà lẹ máa sùn lónìí!"

Nọ́ọ̀sì kan sáré jáde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn aláìsàn ń sinmi."

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, jẹ́jẹ́ ni obìnrin yìí ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá òkú sọ̀rọ̀, ohun tó sì ń dẹ́rù ba ọkùnrin náà jù lọ nìyẹn.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, nọ́ọ̀sì," ni Bàbá Káfíńtà wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi."