Ilà Ara Ọta Ìbọn

Ìró irin tí wọ́n ń ha ló gbé Títí jáde sẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú sùtánà funfun. Ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti eérú ha nǹkan kékeré kan nínú abọ́ omi àdúrà, ó ń ha á kíkankíkan, bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò.

"Màámi, kí lẹ ń fọ̀ yẹn?"

"Ọta ìbọn ni. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ lójúde Lùkúmọ̀n ni mo ti rí i. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ti gbẹ mọ́ ọn lára." Ìyá gbé e sókè sí oòrùn, ó ń dán bí eyín. "Àlejò ìjọba ń bọ̀ lónìí. Ta ní í gbé ẹ̀jẹ̀ fún àlejò?"

Ó dùn mọ́ Títí náà. Láti òru tí ìbọn ti bá Lùkúmọ̀n onígbàjámọ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ajangbadi ni wọ́n ti ti bàbá rẹ̀, Ràsákì, mọ́lé. Òun ni ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Òun nìkan ló ní ìbọn ládùúgbò. Ọ̀la ni kóòtù. Ó kéré tán, wọ́n ti ní nǹkan lọ́wọ́ báyìí.

Àlejò náà dé. Ṣọlágbadé ni, bàbá àgbàlagbà tó ń bá ìjọba yẹ ọta ìbọn wò. Sáàjẹ́ǹtì tó mú bàbá Títí ló tẹ̀ lé e, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Ṣọlágbadé gba ọta, ó gbé awò sójú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, sà. Omi àdúrà ni mo fi ṣàn án."

"Háà, màmá! Ìbọn máa ń fa ilà sára ọta tó bá gba inú rẹ̀ jáde. Ilà yẹn la fi ń mọ ìbọn tó ti wá. Ẹ ti ha á dànù."

Sáàjẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. "Àdúrà yín mà gbà o, Ìyá Àdúrà! Ó ti wẹ ẹ̀rí mọ́ tónítóní."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Títí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, etí ló fi kọ́ gbogbo ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rántí ohun tí Àlhájà Fáòsíátù, onílé Lùkúmọ̀n, ń sọ lábẹ́lẹ̀: pé ọkọ̀ àwọn sáàjẹ́ǹtì yìí wà ní ìkòríta lóru ọjọ́ náà, pé ìbọn dún lẹ́ẹ̀mejì, pé látìgbà náà ni igi máńgòrò òun ti ń sun oje.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. "Ọta kejì wà nínú igi."

Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n dé ìdí máńgòrò náà lójúde Àlhájà, wọ́n rí ihò kékeré kan lára rẹ̀, oje ń ṣàn níbẹ̀. Kí Ṣọlágbadé tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, sáàjẹ́ǹtì ti fa sukurudíráfà yọ lápò.

"Ẹ jẹ́ n hú u jáde kíá, ká máa lọ."

Títí ò mọ ìgbà tó fi ẹ̀yìn ti igi náà, tó fi ara bo ihò.

"Rárá."

"Kúrò níbẹ̀, ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ bá bàbá ẹ sùn ní sẹ́ẹ̀lì ni?"

"Ẹ tì mí mọ́lé, sà. Irin yín ò ní kàn án. Àìmọ̀ ni màámi fi ha tiwọn. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Àlhájà Fáòsíátù ń ró ìró rẹ̀ bọ̀ láti inú ilé. "Ẹ lọ gbé ayùn kápẹ́ńtà wá! Igi mi ni. Ẹ gé e tòun tọta. Máńgòrò tó kan bí ọ̀rọ̀ sáàjẹ́ǹtì yìí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n gé igi náà kúrò yíká ihò. Ṣọlágbadé rọra la pákó náà títí ọta fi bọ́ sínú aṣọ fúnra rẹ̀. Ó gbé awò sí i, ó pẹ́ lórí rẹ̀, ó wá pe Títí. "Wò ó."

Àwọn ilà tín-ín-tìn-ìn-tín ni, gbogbo wọn dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì.

"Wọ́n máa ń gbẹ́ ilà sínú ìbọn ìgbàlódé. Inú ṣakabùlà àwọn ọdẹ bíi bàbá rẹ jọ̀lọ̀ ní tirẹ̀."

Títí mọ̀. Òun ló máa ń ti ọ̀pá aláàkísà bọ ẹnu ìbọn bàbá rẹ̀ láti nù ún. Kò sí ohun tó ń há a.

"Sáàjẹ́ǹtì," Ṣọlágbadé di ọta náà sínú ọ̀rá, "màá kọ̀wé béèrè gbogbo ìbọn tẹ́ ẹ gbé jáde lóru ọjọ́ yẹn. Inú omi la ó ti yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ká fi ọta wọn wé èyí. Ní kóòtù lọ́la, màá sọ ohun tí mo rí."

Àgbọ̀n sáàjẹ́ǹtì dúró. Ṣingọ́ọ̀mù wà lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá gbé omi àti ọṣẹ wá sójúde. Eérú àárọ̀ ṣì wà ní èékánná rẹ̀. "Oje ti ba aṣọ ẹ jẹ́ lẹ́yìn. Bọ́ ọ, kí n bá ẹ fọ̀ ọ́."

Títí na ọwọ́ sẹ́yìn, ó kan ibi tó le gbagidi láàárín ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, màámi. Òun ni màá wọ̀ lọ sí kóòtù."

Àwọn tó wà lódìkejì títì yíjú wò ó. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ bí ohùn ara rẹ̀ ṣe ròkè tó. Ohùn tí bàbá rẹ̀ fi máa ń ké lóru ni, tí gbogbo àdúgbò á gbọ́, tí wọ́n á sì padà sùn.